Eré Ọmọ, Ti Ọmọ Ni: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwà Àwa Òbí Létí Pápá

Ọ̀rọ̀ yìí ni a sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ wa nílé, ní Ìwó. A tẹ̀ ẹ́ jáde síbí kí àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi náà lè kà á.

     

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá àwọn ọmọ wa. Ẹ má retí pé n ó sọ̀rọ̀ lórí pápá tí kò tẹ́jú tàbí bọ́ọ̀lù tí ìjọba kò rà. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ti pọ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwa òbí ni mo fẹ́ sọ, àwa tí a máa ń dúró létí pápá. Mo ti ṣe olùkọ́ eré ìdárayá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti fọn fèrè, mo ti di okùn ìparí eré mú, mo ti kọ orúkọ àwọn tó gbégbá orókè. Ohun tí mo bá wá kò ju gbólóhùn kan lọ: eré ọmọ, ti ọmọ ni. Bí òbí bá ti gba eré náà mọ́ ọmọ lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọmọ lè kọ́ níbẹ̀ ni ìwàkiwà tiwa.

KÍ LÀ Ń RÍ LÉTÍ PÁPÁ?

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa, ilé la wà. Bí ọjọ́ ìntáháòsì bá pé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ wo ìdí okùn ìparí eré. Olùkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ogún òbí ni ẹ ó bá níbẹ̀, fóònù lọ́wọ́ wọn, tí kálukú ń pariwo pé ọmọ tòun ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ ọdún 7 sáré sáré, kò rí ibi tí yóò gbà kọjá. Mo ti rí ìyá tó wọ ojú ìlà eré lọ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè tètè dé. Mo ti rí bàbá tó gbé àga tó fi jókòó sókè, tó fẹ́ là á mọ́ olùkọ́ lórí, nítorí pé wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ló ṣe ipò kejì. Ife rọ́bà ni ẹ̀bùn ipò kìíní o! Ife rọ́bà kan àti ìwé ìkọ̀wé méjì.

Ti bọ́ọ̀lù ló tún wá le jù. Kóòṣì kan ni àwọn ọmọ ní, àmọ́ kóòṣì mẹ́wàá ló ń sọ̀rọ̀. "Gbá a síwájú!" "Dúró sẹ́yìn!" "Ṣé o fọ́jú ni?" Ọmọ ò mọ èyí tí yóò gbọ́. Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, bàbá náà tún bú u pé kò wo bọ́ọ̀lù. Àbí ẹ ò rí nǹkan?

Ẹ wá wo rẹfirí. Ẹni tó ń fọn fèrè níbi bọ́ọ̀lù ọmọdé, ọ̀dọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, owó ọkọ̀ àti omi tútù ni èrè rẹ̀. Èpè tí à ń gbé e ṣẹ́, a kì í ṣẹ́ ẹ fún gbọ́mọgbọ́mọ. A ó bú ìyá tó bí i, a ó ní wọ́n ti fún un lówó. Bí wọ́n bá gbá a tán, àwọn kan á lọ dúró dè é níbi tó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí. Tó bá tó ẹ̀ẹ̀mejì, kò ní wá mọ́. Nígbà náà la ó wá máa wá ẹni tí yóò fọn fèrè fún àwọn ọmọ kiri, a ò sì ní rí.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ìhà kejì ńkọ́? Àwọn yìí ni ẹ jọ ń ra ata lọ́jà Odò-Orí. Àwọn yìí ni ẹ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, àwọn ni ẹ jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Nítorí góòlù kan tí ọmọ ọdún 9 gbá sáwọ̀n, ọ̀rọ̀ á di "ẹ̀yin ará Mọ̀lété", á di "ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọba". Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níbẹ̀ kì í tán níbẹ̀. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni.

IBI TÍ Ó TI WÁ

Kò tíì pẹ́ tí òbí Yorùbá kì í fẹ́ gbọ́ bọ́ọ̀lù sétí. Ọmọ tó bá ti pápá dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ eruku, pàṣán ló ń dúró dè é. "Ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́ jẹ?" Eré sísá náà kò yàtọ̀. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò fẹ́ eré sísá fún òun níbẹ̀rẹ̀, àti pé ìyá òun ló dúró ti òun. Olùkọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọ yìí kan náà fo igi ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Kò sí obìnrin kan láyé tó ti sá a tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ náà.

Ayé ti yí padà. Bàbá tí ì bá na ọmọ nítorí bọ́ọ̀lù láyé ọjọ́sí ti ń ta ilẹ̀ báyìí láti fi san owó akádẹ́mì. A gbọ́ ìtàn Victor Osimhen, ọmọ tó ń ta omi láàárín ọkọ̀ l'Ékòó, tó lọ gbá góòlù mẹ́wàá níbi ife àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ ní ilẹ̀ Chile lọ́dún 2015, tó sì wá di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lọ́dún 2023. Gbogbo wa wá ń rò pé Osimhen kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá wa.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ní ìrètí. Ìṣẹ́ ò dùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá gbé ẹrù gbogbo ilé lé ọmọ ọdún 10 lórí. Góòlù tó bá fò kọjá òpó á di owó ilé tó sọnù. Rẹfirí tó bá fọn fèrè á di ẹni tó já oúnjẹ gbà lẹ́nu wa. Ọmọ tí kóòṣì fi rọ́pò tiwa á di ọ̀tá. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÌWÀKIWÀ TÍ KÒ NÍ ARIWO

Èyí tó ń pariwo là ń rí. Ọ̀kan wà tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó sì burú jù gbogbo rẹ̀ lọ. Òun ni irọ́ ọjọ́ orí. Ọmọ ti pé ọdún 16. Ìdíje tó ń bọ̀, ti àwọn tí kò ju ọdún 13 lọ ni. Bàbá á mú un lọ sí kóòtù, á san owó díẹ̀, á sì búra pé ọdún 12 ni wọ́n bí i sí. Ẹ kíyè sí i o: òbí ló ń búra. Ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́. Ẹ̀kọ́ wo lẹ rò pé ó kọ́ lọ́jọ́ náà?

A ti jẹ ìyà rẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ọdún 1985 ni àwọn ọmọ wa gba ife àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn tí kò ju ọdún 16 lọ, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Gbogbo ayé ló pàtẹ́wọ́ fún wa. Lọ́dún 1989, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kan kọ sílẹ̀ níbi Òlíḿpíìkì ọdún 1988 kò bá èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ níbi ìdíje mìíràn mu. Wọ́n fòfin de Nàìjíríà kúrò nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991 tó yẹ kó wáyé níbí ni wọ́n gbé lọ sí Pọtogí. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn pé rẹ́gí láàárín ọdún méjì yẹn, tí wọn kò purọ́ kankan, ta ló san èrè wọn padà?

Láti ọdún 2009, nígbà tí ife àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé lọ́dọ̀ wa níbí, ni FIFA ti ń lo ẹ̀rọ MRI láti ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Bí ọmọ bá ṣì ń dàgbà, àlàfo kan máa ń wà lórí egungun ibẹ̀. Bí egungun náà bá ti dì pa pátápátá, a jẹ́ pé ọmọ náà ti kọjá ọdún 17, bí ìwé ìbúra tó mú wá tilẹ̀ ga tó òkè Olúmọ. Egungun kì í lọ sí kóòtù.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Danny Almonte tàn bí oòrùn níbi ìdíje beisibọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Little League. Ọmọ ọdún 12 ni ìwé rẹ̀ sọ pé ó jẹ́. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ dé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí i, wọ́n rí i pé ọdún 14 ni, àti pé ìwé ìbí tí bàbá rẹ̀ mú wá kì í ṣe òótọ́. Wọ́n pa gbogbo ìborí ikọ̀ náà rẹ́, wọ́n sì ní kí bàbá rẹ̀ má tún sún mọ́ ìdíje wọn mọ́ láéláé. Bàbá ló ṣe ìwé, orúkọ ọmọ ni ayé ń rántí títí dòní.

Lọ́dọ̀ wa báyìí, ọ̀rọ̀ náà tún ti le sí i. NIN ti dé. Láti ọdún 2021, ọmọ tí kò bá ní NIN kò lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Ọjọ́ ìbí tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé ọmọ náà kiri: ní bánkì, níbi ìwé ìrìnnà, níbi iṣẹ́. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù kò bá gbè, tó fẹ́ padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, yóò wá rí i pé ọjọ́ orí méjì ni òun ní. Ti ìwé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀, ti NIN yàtọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ẹ tún ro ti àwọn ọmọ tó kù. Ọmọ ọdún 12 tòótọ́ tó yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń fá irùngbọ̀n wà ní ipò rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tó wà ní ìhà kejì, tí ẹni ọdún 16 rọ́ lù, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló máa ṣẹ́. Ọmọ ẹnìkan ni gbogbo wọn.

IBI TÍ ARIWO LÈ YỌRÍ SÍ

Bóyá ẹnìkan ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Àsọdùn ni, ariwo lásán ni, kí ló lè tìdí ẹ̀ yọ?" Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìlú Almere, ní ilẹ̀ Netherlands. Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni. Àwọn ọ̀dọ́langba ń gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá kan, Richard Nieuwenhuizen, ẹni ọdún 41, ló ń gbé àsíá létí pápá. Wọn kò sanwó fún un. Ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ yẹn ló jẹ́ kó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbá a tán, àwọn ọmọ ikọ̀ kejì lù ú, wọ́n ta á nípàá. Lọ́jọ́ kejì, ó kú. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà fagi lé gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́, àwọn ọ̀dọ́langba mẹ́fà ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹnì keje wọn kì í ṣe ọmọdé. Bàbá ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ni, ẹni àádọ́ta ọdún. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n dá fún un lẹ́wọ̀n. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà, àgbà wà ní pápá. Kò bá wọn tún orí ọmọ ṣe, òun gan-an bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, bàbá méjì ló jà lọ́dún 2000 níbi tí àwọn ọmọ wọn ti ń ṣe ìdánrawò họ́kì orí yìnyín. Ẹ ó gbọ́ ohun tó fa ìjà: ọ̀kan nínú wọn ní eré àwọn ọmọ náà ti le jù, kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí ọmọ má fara pa ló lu bàbá ẹlòmíràn pa lójú àwọn ọmọ. Ẹ̀wọ̀n ló lọ.

N kò sọ ìtàn yìí láti fi dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà pé òun ń lọ pààyàn. Eré ọmọ ni wọ́n lọ wò.

ỌMỌ Ń WÒ WÁ

Mo fẹ́ sọ nípa ọmọ kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀. Aṣọ́lé ni, ọwọ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù mú dáadáa, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Bọ́ọ̀lù kan yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ó wọlé. Bàbá rẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn àwọ̀n pé, "Olódo! O ti dójú tì mí!" Gbogbo pápá gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbà tí a bá ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni inú ń run ọmọ náà. Màmá rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, wọn ò rí àìsàn kankan. Ó ṣe díẹ̀, ó ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Sà, mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù o. Kí dádì mi má ṣáà wá ni."

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí yẹ̀ wò. Bàbá náà fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa kó lè wá wò ó. Àmọ́ ohun tí ọmọ ń tọrọ ni pé kó má wá.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tó bá ṣubú lórí pápá, iwájú ló ń wò, àwa ló sì ń wò níwájú. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun sunkún ni tàbí kóun dìde. Ojú wa ló fi ń mọ̀. Bí ó bá rí i pé à ń bú rẹfirí, yóò gbà pé ẹlòmíràn ló máa ń fa ìjákulẹ̀ òun. Ìwà yẹn yóò bá a dé kíláàsì, yóò bá a dé ibi iṣẹ́, yóò bá a dé ilé ọkọ tàbí ilé aya.

Baba ńlá wa mọ eré, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń pàdánù. Nídìí ayò, ọ̀ta á máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ń wòran á máa dá sí i, ẹ̀rín á gba gbogbo abẹ́ igi. Tí wọ́n bá ta á tán, ọ̀pẹ á ní ká tún un ta. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọpọ́n ayò fọ́ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lórí. Ibo la wá ti kọ́ èyí tí à ń ṣe yìí?

BÍ RẸFIRÍ BÁ Ṣe OJÚSÀÁJÚ Ń KỌ́?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Òótọ́ ni, rẹfirí mìíràn a máa ṣe ojúsàájú, òmíràn ò sì mọṣẹ́. Àmọ́ òfin bọ́ọ̀lù sọ pé ìdájọ́ rẹfirí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré ni abẹ gé. Mi ò tíì rí ibi tí rẹfirí ti yí góòlù padà nítorí pé bàbá ẹnìkan bú u. Òfin kan náà ló fún un láṣẹ láti dá eré dúró, tàbí kó fòpin sí i, bí àwọn ará ìta bá ń dá sí i. Ẹni tó ń pariwo kí ọmọ rẹ̀ lè borí lè fi ariwo náà lé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí pápá.

Bí a bá ní ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ kí kóòṣì kọ ọ́ sílẹ̀, kó mú un tọ àwọn tó ṣètò ìdíje lọ lẹ́yìn eré. Kí wọ́n pe rẹfirí, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ̀bi, kí wọ́n má pè é mọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Àwọn kan á tún ní, "Ṣé ká wá máa wò bí ère ni?" Rárá o! Ẹ kọrin, ẹ jó, ẹ lu ìlù, ẹ pàtẹ́wọ́. Ìwó kì í ṣe ìlú àwọn òkú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí orin wa jẹ́ orin ìwúrí, kí ó má jẹ́ orin òwe. Bí ọmọ ìhà kejì bá sì ṣe dáadáa, ẹ pàtẹ́wọ́ fún òun náà.

OHUN TÍ MO Ń BẸ ẸGBẸ́ WA PÉ KÍ A ṢE

Ẹgbẹ́ wa a máa ṣètò ìdíje fún àwọn ọmọ nígbà ọlidé, a sì máa ń fún àwọn ilé-ìwé ní ife ẹ̀yẹ. Ọwọ́ wa ni agbára wà. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wo nǹkan márùn-ún yìí.

Àkọ́kọ́ ni okùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2008 tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Respect, ni wọ́n ti ń ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ pápá àwọn ọmọdé, tí òbí kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́rìí sí i. Okùn kò wọ́n. Ẹ jẹ́ ká ta á ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ìlà pápá, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sẹ́yìn àwọ̀n. Níbi eré sísá, kí okùn mìíràn wà ní ibi ìparí.

Èkejì, kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan yan àgbàlagbà kan láàárín àwọn òbí wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tà létí àwọn èèyàn. Òun ni yóò máa pe òbí tó bá ń ṣe àṣejù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò sọ fún un pé, "Bàbá Sikirù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù." Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá ò lè yanjú, ẹnu àgbà lè yanjú ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn àti àkọsílẹ̀ ìgbà tí ọmọ kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ká máa gbà. Ìwé ìbúra tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ká dá a padà. Bí irọ́ bá hàn, kóòṣì àti òbí ni ká fi ìyà jẹ, ká má ṣe kéde orúkọ ọmọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a fún rẹfirí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni méjì sì sìn ín dé ìdí ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́yìn eré. Kí ó mọ̀ pé ìlú wà lẹ́yìn òun.

Ẹ̀karùn-ún, kí ife ẹ̀yẹ kan wà fún àwọn òbí. Ikọ̀ tí àwọn òbí wọn bá hùwà tó dára jù ni yóò gbà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ wá: bí ife bá ti wà nílẹ̀, àwa náà á dù ú.

BÍ Ẹ BÁ DÉLÉ

Èyí tó kù, inú ilé ni. Bí ọmọ bá ti pápá dé, kó tó wẹ̀, kó tó jẹun, ọ̀pọ̀ wa a máa bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́. "Kí ló dé tí o kò gbá bọ́ọ̀lù yẹn fún Wàsíù?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi. Tí ẹ bá fẹ́ bi í ní nǹkan, ẹ bi í pé: Ṣé o gbádùn ẹ̀? Kí lo kọ́ lónìí? Ta lo ràn lọ́wọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé inú yín dùn pé ẹ wá wò ó. Ó tán. Kóòṣì yóò bá a sọ ti bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ń fi owó bàtà àti owó akádẹ́mì ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò àti ọmọ àbúrò yín, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá a padà. Àmọ́ bí ẹ bá ń pè é lórí fóònù, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé góòlù mélòó ló gbá nìkan lẹ ó máa béèrè. Ẹ béèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìwó lónìí kò ní jẹun nídìí bọ́ọ̀lù. Wọn yóò di olùkọ́, télọ̀, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò, mẹkáníìkì, lọ́yà, àáfà, pásítọ̀. Ohun tí wọn yóò mú kúrò lórí pápá ni bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, bí wọ́n ṣe ń gba ìdájọ́ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, àti bí wọ́n ṣe ń dìde bí wọ́n bá ṣubú. Ẹ má jẹ́ ká gba ìyẹn mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ba ọmọ wa jẹ́. Àwọn ọmọ wa á ju gbogbo wa lọ. Ìlú Ìwó á máa gòkè sí i.